Ohùn Àsánì láti Apá Òsì

Bí ẹ bá gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ Eunice Oyèlékè ní Ìyànà Ìbà, ẹ má retí pé ọwọ́ tó rọ ni yóò kọ́kọ́ dì mú. Yóò jẹ́ kí onítọ̀hún jókòó, yóò ní kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sìn ín wá sún sẹ́yìn, á wá rọra rìn lọ sí apá òsì rẹ̀, á kí i. Lẹ́yìn náà á rìn lọ sí apá ọ̀tún, á tún un kí. Àwọn ẹbí aláìsàn a máa wo ara wọn lójú. Ẹlòmíràn ti rò pé obìnrin yìí fẹ́ràn ìkíni ju iṣẹ́ lọ, pàápàá bí wọ́n bá ti dúró pẹ́ níta kí ó tó kàn wọ́n. Eunice kì í bá wọn jiyàn. Ó mọ ohun tí òun ń wá, ó sì mọ ẹni tí òun ń rántí bí òun ṣe ń wá a.

Iṣẹ́ tó ń ṣe, ará àdúgbò ò tíì rí orúkọ kan tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti pè é. "Ọkupéṣọ́nà Tẹ́rápísìtì" ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn awakọ̀ Okokomaiko ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń pè é ní Dókítà Ọlọ́wọ́. Ìyá kan wà tó ń pè é ní Tíṣà, torí pé ó kọ́ ọkọ òun bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì lẹ́yìn àìsàn. Ìyá yẹn gan-an ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ẹni tí àìsàn bá ti gba wíwọ ẹ̀wù, jíjẹun àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, Eunice ló ń kọ́ ọ títí yóò fi gbà wọ́n padà. Ó ti ń ṣe èyí fún ọdún pípẹ́ kí ó tó fi kíkọ́ ojú kún un, ọ̀nà tó sì gbà débẹ̀ kò jìnnà sílé rárá. Iwájú fàráńdà bàbá rẹ̀ ló gbà.

Bàbá Oyèlékè jẹ́ ará Èkìtì tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Èkó. Àwòrán ilẹ̀ ló ń yà fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ó sì yà á títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ra ilẹ̀ sí Ìbà, àwọn ẹbí rẹ̀ káàánú rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ ra àkèré. Kí á sòótọ́, àkèré pọ̀ níbẹ̀. Eunice ṣì ń rántí ariwo wọn lẹ́yìn òjò, nígbà tí wọn ò tíì wó títì Bádágírì láti tún un ṣe, tí èèyàn lè dúró ní Ìyànà Ìbà kó sì gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ.

Yàrá iwájú ni tábìlì ìyàwòrán Bàbá wà. Tábìlì náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí Eunice bá sì fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù kan lórí rẹ̀, gbogbo wọn á yí bọ́ sílẹ̀. Kí Bàbá tó ya ohunkóhun, á kọ́kọ́ fi yíǹkì pupa fa ìlà gbọọrọ kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì bébà. Eunice ni yóò bá a di rúlà mú. Bàbá á ní ibẹ̀ ni ojú òun ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn, pé bí òun ò bá mọ ibi tí òun ti gbéra, òun á kàn ya ilé onílé sínú ọgbà ẹlòmíràn ni. Títí di òní, bí Eunice bá gbọ́ òórùn pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà á wá bà jẹ́ díẹ̀.

Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Àsánì. Ará Ìsẹ́yìn ni, fíríìjì ló ń tún ṣe ní Okokomaiko, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Àdìjá. Mùsùlùmí ni Àsánì, onígbàgbọ́ ni Bàbá, ọ̀kan fi díẹ̀ dàgbà ju èkejì lọ, kò sì sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Láràárọ̀, bí Àsánì bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á dúró lẹ́nu géètì, ní apá òsì fàráńdà, á gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ìnjíníà rárá pé, "Ìnjíníà, ṣé ilẹ̀ Ìbà ṣì wà níbi tí ẹ yà á sí?"

Bàbá á dáhùn láìgbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn pé, "Ó wà níbẹ̀, àfi bí o bá ti jí i gbé."

Ìgbà yẹn ni wọn ó tó wá kí ara wọn dáadáa, wọ́n á béèrè ara, béèrè iná, béèrè ọmọ. Eunice gbọ́ ọ nígbà tó ń wọ aṣọ ilé ìwé, ó gbọ́ ọ nígbà tó ń lọ kọ́ iṣẹ́, ó sì tún padà wá gbọ́ ọ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dé Ìyànà Ìbà tó wá ń bá bàbá rẹ̀ gbé lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá Bàbá dùbúlẹ̀. Ọwọ́ òsì rọ, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ tuurutu. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà á, wọ́n ní ojú rẹ̀ dára. Inú Eunice dùn pé àìsàn kò dé ojú, ó wá kọjú sí ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló dé yìí, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é. Ó fi ẹ̀wà kọ́ ọwọ́ náà, ó fi aṣọ fífún kọ́ ọ, ó fi bọ́tìnnì kọ́ ọ. Nígbà tí Bàbá tún de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀, Eunice lọ sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mínírà fún gbogbo wọn.

Ní gbogbo àkókò yìí, Àsánì wà ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kú, ọ̀rọ̀ ilé ẹbí sì dá a dúró lẹ́yìn ìsìnkú. Ó dùn ún gan-an pé òun kò sí nítòsí nígbà tí ọ̀rẹ́ òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó gba ẹnu géètì, ó rí Bàbá lórí àga rẹ̀ ní fàráńdà, ayọ̀ sì mú kí ó gbàgbé pé èèyàn ń kọ́kọ́ kí aláìsàn kú ewu. Ó béèrè ilẹ̀ Ìbà.

Bàbá yí ojú sí apá ọ̀tún. Kò dáhùn.

Àsánì rò pé jẹnẹrétọ̀ ló bo ohùn òun. Ó tún un sọ sókè. Ńṣe ni Bàbá túbọ̀ yí ojú kúrò, ó tẹjú mọ́ apá ibi tí Ìyá Ìṣẹ́gun ti ń ta ògì, ó sì pa ẹnu dé. Ní àárọ̀ kejì, bákan náà. Èyí tó wá burú jù ni pé bí Àsánì ṣe dúró níbẹ̀, Ìyá Ìṣẹ́gun fúnra rẹ̀ jáde láti apá ọ̀tún, ó kí Bàbá, Bàbá sì dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tiẹ̀ béèrè ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí èèyàn bá bú yín, ó ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ kí ọ̀rẹ́ yín, kó gbé ojú síbòmíràn, kó wá dá olóògì lóhùn níṣojú yín, ibo lẹ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí? Àsánì gbé e síbi tó dùn ún jù. Ó ní Bàbá ń bínú pé òun kò wá kí i ní ilé ìwòsàn. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba òpópónà ẹ̀yìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Eunice kò mọ nǹkan kan nínú èyí, nítorí pé ó ti máa ń jáde kí Àsánì tó kọjá. Ohun tó rí ni pé Bàbá ń rẹ̀wẹ̀sì. Kò fẹ́ jókòó níta mọ́. Ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Ó béèrè lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n gbúròó Àsánì láti Ìsẹ́yìn. Eunice dáhùn láìronú pé òun kò tíì gbọ́ pé ó dé. Bàbá mi orí, kò sì tún béèrè mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Ọwọ́ tí Eunice ti kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí ká kò, ẹ̀rù sì ń bà á pé Bàbá ti fẹ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àìsàn náà.

Dòdò ló la Eunice lójú. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó bu ìrẹsì sí apá ọ̀tún àwo, ó to dòdò sí apá òsì, nítorí pé Bàbá fẹ́ràn kí ó máa fi dòdò parí oúnjẹ. Bàbá jẹ ìrẹsì tán, ó fọ ọwọ́, ó wá ń ráhùn pé láyé ìyá Eunice, wọn kì í fún òun ní ìrẹsì láìsí dòdò. Eunice wo àwo, ó wo Bàbá. Ó yí àwo náà po. Bàbá rí dòdò, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ìgbà tó gbé e wá.

Eunice wọ yàrá iwájú, ó mú bébà àti pẹ́ńsùlù wá, ó ní kí Bàbá ya ilé wọn fún òun. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá kò ní àìsàn, ìlà rẹ̀ sì tọ́ bíi ti àtijọ́. Ó ya pálọ̀, ó ya yàrá tirẹ̀, ó ya ilé ìwẹ̀, gbogbo wọn dúró sí apá ọ̀tún bébà. Lẹ́yìn náà ó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó ní òun ti parí. Kò sí kíṣìnnì. Kò sí yàrá Eunice. Ìdajì bébà funfun báláú.

Eunice béèrè pé, "Dádì, yàrá tèmi ń kọ́?"

"Ó wà níbẹ̀," ni Bàbá wí, láìwo ibì kankan.

Ohun tó pa Eunice lẹ́kún kì í ṣe yàrá rẹ̀. Bàbá kò fa ìlà pupa. Láti ìgbà tó ti mọ ọkùnrin yìí, kò rí i kó ya nǹkan kan láìfa ìlà náà.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Tèmítáyọ̀ Ọlábọ̀dé, dókítà ojú kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí géètì yunifásítì. Tèmítáyọ̀ kò ní kó ka lẹ́tà. Ó gbé e sídìí ẹ̀rọ kan tí iná kéékèèké ń tàn nínú rẹ̀, ó ní kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí iná. Bàbá rí gbogbo iná apá ọ̀tún. Ti apá òsì, kò rí ọ̀kan. Tèmítáyọ̀ wá ṣàlàyé pé ojú méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ni kò gba ohun tó ń ti apá òsì wá mọ́. Bàbá kò sì mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Lójú tirẹ̀, ibi tí òun rí yẹn náà ni gbogbo ayé. Bí ohùn kan bá pè é láti òsì, apá ọ̀tún ni yóò ti máa wá ẹni tó ni ín.

Tèmítáyọ̀ sọ fún un pé, "Áńtí Eunice, èmi lè bá yín wá ibi tó ṣókùnkùn yẹn rí. Bí wọ́n ṣe máa wá gbé ilé ayé pẹ̀lú ẹ̀, iṣẹ́ tiyín nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n padà dé, Eunice ti mú Bàbá wọlé, ó ń lọ ti géètì nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu Ìyá Ìṣẹ́gun. Ìyá náà ló dá a dúró, tó ní ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ òun lọ́kàn, pé kí ló dé tí Bàbá fi ń yí ojú fún Bàbá Àdìjá? Orí ìdúró ni Eunice ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò padà wọlé. Okokomaiko ló gbà lọ.

Ó bá Àsánì láàárín àwọn fíríìjì tó ti kú. Ó kúnlẹ̀ kí i. Àsánì ní kó dìde, kò sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò bá Eunice jà, àmọ́ òun ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń yí ojú fún lọ. Eunice ṣàlàyé àìsàn náà. Ó ṣe é lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ó tiẹ̀ fi ilẹ̀kùn fíríìjì kan ṣe àpẹẹrẹ. Àsánì gbọ́ ọ dé òpin, ó wá gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

"Eunice, àìsàn wo ló máa mọ̀ pé Àsánì ni kí òun má jẹ́ kí wọ́n rí? Wọ́n rí olóògì."

"Apá ọ̀tún ni Ìyá Ìṣẹ́gun ti máa ń wá, Bàbá Àdìjá. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gba òsì." Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má dúró lẹ́nu géètì lọ́la. Kó kọjá ilé, kó dé iwájú Ìyá Ìṣẹ́gun, kó wá yí padà kí Bàbá láti ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àsánì kò sọ pé òun á wá, kò sì sọ pé òun ò ní wá.

Ní àárọ̀ kejì, Eunice kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé Bàbá jókòó sí fàráńdà, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Àsánì yọ. Ó gba iwájú géètì kọjá, ọrùn rẹ̀ le bí ẹni tí kò mọ ilé náà rí. Ó dé iwájú ìsọ̀ olóògì, ó dúró, ó yí padà. Ohùn tó fi béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn rárá. "Ìnjíníà, ṣé ilẹ̀ Ìbà ṣì wà níbi tí ẹ yà á sí?"

Bàbá gbójú sókè. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Àsánì, ṣé o wà láyé?"

Bàbá wá sọ ohun tó ti gbé sínú láti ìgbà yẹn. Ó ní àárọ̀ méjì tẹ̀léra ni òun gbọ́ ohùn Àsánì tí òun kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní òun wá gbà pé Àsánì ti kú sí Ìsẹ́yìn, pé àwọn ọmọ ló ń fi pamọ́ fún òun nítorí àìlera òun. "Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ mi pé kí n má dá ohùn tí mi ò rí ẹni tó ni ín lóhùn. Ẹ̀rù rẹ bà mí, Àsánì. Mo tún ń retí rẹ."

Àwọn méjèèjì ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹlẹ́yà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò kọ́ ní ẹ̀kọ́ yẹn. Àsánì gun fàráńdà, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, Bàbá náà ń sunkún. Eunice jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, òun náà ń sunkún tirẹ̀. Ìyá Ìṣẹ́gun ló gbé ògì gbígbóná wọlé fún gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Eunice gba ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí kíkọ́ ojú, ó ń bi Tèmítáyọ̀ ní ìbéèrè títí tíyẹn fi ń ṣépè fún fóònù. Ohun tó kọ́ kò ṣòro láti sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Apá tó sọnù kò ní padà, àmọ́ èèyàn lè kọ́ orí àti ojú láti máa lọ wá a. Ó nílò àmì kan ní òsì pátápátá, tí ojú yóò máa lọ bá kí ó tó gbà pé òun ti wò tán. Nígbà tí Eunice ka ibẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì ìyàwòrán. Yíǹkì pupa ti gbẹ, ṣùgbọ́n rúlà wà níbẹ̀.

Ó fi bírò pupa fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ òsì ìwé ìròyìn. Ó lẹ okùn pupa mọ́ etí òsì àwo oúnjẹ. Àsánì gbé ọ̀dà pupa wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó kun òpó òsì fàráńdà láti òkè délẹ̀, ó sì kùn ún wọ́gọwọ̀gọ. Bàbá ní, "Èmi tí mo fi ìlà pupa kọ́ ọ, ṣé èmi náà lo wá ń kọ́?" Eunice ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Láràárọ̀, Àsánì á bẹ̀rẹ̀ ìkíni rẹ̀ láti apá ọ̀tún, á wá máa sún lọ sí òsì díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń yí. Bàbá kò gbọ́dọ̀ dáhùn títí yóò fi rí i. Ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ náà ni, àfi pé wọ́n ti fi wíwá kún un báyìí. Àwọn ọjọ́ kan wà tó rọrùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Bàbá ju ìwé ìròyìn dànù, tó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ayé tó kù fún òun. Àsánì á dúró síbi tó wà, á máa kí i lọ, àwọn oníbàárà á sì máa pè é láti Okokomaiko pé fíríìjì àwọn ńkọ́.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, Àsánì padà sí ibi tirẹ̀ àtijọ́, lẹ́nu géètì. Ó gbé àpò sílẹ̀, eruku sì mú kó wúkọ́ kó tó lanu. Orí Bàbá ṣí kúrò lára ìwé ìròyìn. Ó lọ sí òsì, ó dé ara òpó pupa, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọjá òpó náà, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ojú rẹ̀ fi bá géètì àti ẹni tó dúró síbẹ̀.

"Àsánì, kí lò ń wò? Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀."

Láti ìgbà yẹn, Eunice kò lè wo aláìsàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó lọ wá télọ̀ kan ní Ọ̀jọ́ tí wọ́n ti ní ó ya ọ̀lẹ nítorí pé ìdajì aṣọ ló ń rán. Ó wá awakọ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ lu òun nínú ilé. Òun àti Tèmítáyọ̀ gba yàrá kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ oníná sí apá kan, wọ́n kun ògiri òsì ní pupa. Bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá bá láti Bádágírì nìyẹn.

Bàbá gbé ọdún mélòó kan sí i, wọn ò sì pa àárọ̀ kankan jẹ àfi bí òjò bá le jù. Orí oorun ló gbà lọ, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n tẹ́ ẹ sí iwájú ilé kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èrò sì pọ̀. Nígbà tí wọ́n rí Àsánì tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀, wọ́n yà fún un ní apá ọ̀tún pósí, níbi tí àyè wà. Kò gba ibẹ̀. Ó yí ẹsẹ̀ pósí po, ó ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará Èkìtì, títí ó fi dé apá òsì.

Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé apá ọ̀hún ló rọrùn jù.

"Ibí ni mo máa ń dúró sí," ni Àsánì wí. "Ìnjíníà mọ bí wọ́n ṣe ń wá mi."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ara pósí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ilẹ̀ Ìbà ṣì wà níbi tí Ìnjíníà yà á sí. Lẹ́yìn náà ó dúró de èsì, bó ṣe máa ń dúró láràárọ̀. Eunice rí i pé kò ní kúrò níbẹ̀ bí wọn kò bá dá a lóhùn, ó sún mọ́ ọn, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá Àdìjá," ló wí. "Àfi bí ẹ bá ti jí i gbé."